Ẹ San Gbèsè N-Power, Kí Ẹ sì Fi Òfin De Owó Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́

Ní 2016 ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari dá ètò N-Power sílẹ̀. N30,000 lóṣù ni wọ́n ń san fún àwọn tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí orúkọ wọ́n wọlé, wọ́n sì pín wọn káàkiri ilé-ìwé, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti oko. Ìpele méjì àkọ́kọ́ nìkan kó 500,000 èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2023, ìjọba tuntun dá a dúró, wọ́n ní àwọn fẹ́ wádìí bí wọ́n ṣe ná owó rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún ní kí gbogbo ètò abẹ́ NSIPA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún aráàlú, dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 nítorí ìwádìí mìíràn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Batch C, ìyẹn ìpele kẹta N-Power, ti ń ké pé ìjọba jẹ àwọn lówó oṣù.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó wádìí owó ìlú. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kò mọ ọ̀nà àpò ìjọba. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́, ó ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó má baà pẹ́ dé kíláàsì. Owó tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún kò sí lára àánú tí a ń ṣe fún aláìní. Kí ìjọba àpapọ̀ san gbogbo owó tó bá ṣẹ́kù fún wọn, kó tó tún gbé ètò mìíràn jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Ó sì dá wa lójú pé orúkọ tuntun ń bọ̀, torí bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n yọ apá kan nínú owó ìrànwọ́ epo ní 2012, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan dá SURE-P sílẹ̀, tó ń fi àwọn tó jáde yunifásítì sí iléeṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́. Ìjọba yí padà, SURE-P bá a lọ. Ní 2020, wọ́n ní àwọn yóò gba 774,000 èèyàn, 1,000 láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbálẹ̀ ìlú, kí wọ́n máa kó gọ́tà, N20,000 lóṣù, fún oṣù 3 péré. Kí ni ọ̀dọ́ fẹ́ fi N60,000 dá sílẹ̀ tí yóò mú un dúró?

Èyí tó tilẹ̀ yọrí sí rere kò bọ́. Ní 2011 ni YouWiN bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ́ tó bá ní èrò òwò yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá yege sì lè gbà tó N10 mílíọ̀nù, díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. 1,200 ló yege nínú ìdíje àkọ́kọ́. David McKenzie, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Báńkì Àgbáyé, tọpa wọn fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì rí i pé owó náà bí iṣẹ́ fún bí 7,000 èèyàn. Pẹ̀lú ẹ̀rí yìí nílẹ̀, ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò bá a lọ bó ṣe wà.

Àwọn kan á ní kí a ṣe òfin. Òfin nìkan kò tó. NSIPA ní òfin tirẹ̀, Buhari fọwọ́ sí i ní 2023 kó tó gbéjọba sílẹ̀, kò sì pé ọdún kan tí gbogbo rẹ̀ fi dúró gbọnrangandan. Owó tó ní orísun ló ń gbé ètò ró. Ẹ wo ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́: láti 1971 ló ti wà, ológun lọ, alágbádá dé, kò kú, nítorí òfin ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san náírà 1 síbẹ̀ nínú gbogbo N100 tó bá ná sórí owó oṣù. Ó ní àléébù tirẹ̀, àmọ́ kò sí mínísítà tó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ó ti parí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò pátápátá ní 2023, owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá ti pọ̀ sí i gan-an. A fẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá fi òfin ya N2 sọ́tọ̀ nínú gbogbo N100 rẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, kó má lè ṣeé ná sí nǹkan mìíràn. Èkó ti gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀: òfin ló dá LSETF, àjọ tó ń ṣètò owó fún iṣẹ́ àti òwò, sílẹ̀ ní 2016, ó sì yè é nígbà tí gómìnà yí padà. Ọ̀ṣun gba 20,000 ọ̀dọ́ sínú OYES, ètò iṣẹ́ ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ náà, nígbà tí Rauf Aregbesola jẹ́ gómìnà, N10,000 lóṣù. Ìbá dára ká ní wọ́n ti wá owó ayérayé fún un.

Ibo ni kí owó náà gbà? Kó gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Láti 1987 ni NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, ti ń fi ọmọṣẹ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí náà ọ̀nà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Télọ̀, wẹ́dà, mẹkáníìkì, káfíńtà, onírun, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe: àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, tí wọ́n jó, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọn kò wá rówó ra maṣíìnì kan ṣoṣo, tí wọ́n di ọlọ́kadà. Kí ìjọba san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, ìdajì níbẹ̀rẹ̀, ìdajì lọ́jọ́ tí ọmọ bá yege níwájú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà. Kí irinṣẹ́ ọmọ náà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, irinṣẹ́ tó lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kó má jẹ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n ya àwòrán olóṣèlú sí.

Kí a sì ṣọ́ra fún ìṣirò. NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, sọ pé 33.3 nínú 100 ni àwọn aláìríṣẹ́ ní ìparí 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ó di 4.1. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà láti bá ti àgbáyé mu: ẹni tó bá ti fi wákàtí 1 ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ kì í ṣe aláìríṣẹ́ mọ́. Ọmọ tó ta omi inú ọ̀rá nínú gosílóò fún wákàtí kan ti wà lára àwọn tó níṣẹ́. Olóṣèlú lè fi 4.1 yẹn yangàn, kó sì gé owó àwọn ọ̀dọ́ kù.

Iye tí a fẹ́ kí gómìnà kọ̀ọ̀kan máa gbé jáde lọ́dọọdún ni ti àwọn ọmọ ètò rẹ̀ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 2, àti iye nínú wọn tó ń rí N70,000 lóṣù, tí òfin 2024 sọ pé ó kéré jù. Gómìnà tí kò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn aṣòfin má fọwọ́ sí owó tuntun fún un.