Àbúrò mi kì í ṣe wèrè

Inú mi dùn sí ìròyìn yìí, pé wọ́n fẹ́ máa la àwọn ará Òṣogbo lọ́yẹ̀ lórí àìsàn ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n dé ọjà Ìgbọ́nà náà, níbi tí àbúrò mi ti ń tajà.

Abísínwín ló mú àbúrò mi obìnrin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bímọ, kò sùn mọ́, ó ní ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe tòun. Ilé àdúrà la kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Àpá okùn yẹn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ dòní. Dókítà ló padà fún un lóògùn, ara rẹ̀ sì yá pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ ò padà wá. "Wèrè aláṣọ" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó dùn mí ju àìsàn náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé l'Árò, l'Abẹ́òkúta, tí ara wọn ń yá. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àìsàn yìí du èèyàn níṣẹ́. Ta ló sọ ọ́ fáwọn ará ọjà?

Àdìrẹ ló ń tà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n wá rà á.