Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Rántí Òbí

"Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé jíjẹ mímu nìkan ni ìsìnkú. Síbẹ̀, láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, a mọ ibi tí owó ń gbà lọ bí àgbà bá sùn: aṣọ ẹbí, ìlù, màlúù. Bí jẹjẹrẹ bá mú ìyá tàbí bàbá lọ, tí àwọn ọmọ wá ní àwọn yóò gun kẹ̀kẹ́ kó owó jọ fún àwọn tí àrùn náà ṣì ń bá fínra, ìsìnkú nìyẹn náà, àfi kí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní 1980, Billy Starr ará Amẹ́ríkà, tí jẹjẹrẹ awọ ara pa ìyá rẹ̀, kó ènìyàn 36 jọ, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ la ìpínlẹ̀ Massachusetts kọjá. Dọ́là 10,200 ni wọ́n rí. Pan-Mass Challenge ni wọ́n ń pe ìrìn náà, ó ṣì ń wáyé lọ́dọọdún, owó tó ti kó fún ilé ìwòsàn Dana-Farber sì ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun tó yẹ ká wò kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo owó tí àwọn agùnkẹ̀kẹ́ bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn ló ń dé ilé ìwòsàn. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń wá owó ìnáwó.

Nítorí náà, àpò méjì ni kí ẹ ní. Kí ẹbí fi owó ara wọn ra aṣọ, oúnjẹ àti epo ọkọ̀ tó máa tẹ̀ lé yín. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan owó ọlọ́rẹ. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́: kí ènìyàn mẹ́ta máa buwọ́ lu ìwé owó, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe ọmọ ilé yín. Ẹ gba owó ṣáájú ọjọ́ ìrìn, torí ẹni tó bá ṣèlérí sẹ́fà 100 lórí kìlómítà kan máa ń ṣòro rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kó owó náà lé ẹbí aláìsàn lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe olè o. Ilé tí àìsàn bá wọ̀, gbèsè ti ṣáájú rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ san án fún ilé oògùn tàbí ibi àyẹ̀wò, kí ẹ gba rìsíìtì. Àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé lára kókó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí òun ló ń sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ kí dókítà tó mọ oògùn tó bá a mu.

Láti ẹnu Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ní Kétu, gba Pobẹ̀ àti Sakété dé Àjàṣẹ́, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, láti Kétu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa ti yín lẹ́yìn. Ní agbègbè Onígbólò, níbi tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti ń rìn, ẹ tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí, kí ó fi 20 kìlómítà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi lè gun 75 láìdákú. Ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ìjókòó bá rẹlẹ̀ jù, iwájú orúnkún ni yóò máa dùn yín. Bí ó bá ga jù, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì.

Bí táyà bá jò, ẹ má kánjú fi túbù tuntun sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka wá ẹ̀gún nínú táyà. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún gún èyí tuntun. Bí ẹ bá ń lẹ túbù tó jò, ẹ fi yanrìn pépà ha ojú ibẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, kí ẹ dúró títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù tútù kì í mú, ìwàǹwára yìí ló ń jẹ́ kó ṣí lójú ọ̀nà. Ẹ fi epo kán ṣéènì, kí ẹ nu ìta rẹ̀ gbẹ, torí epo tó kù níta ló ń fa erùpẹ̀ pupa mọ́ra.

Omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò kún gègèrè, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà: ìyẹn ni kí ẹni tí òòrùn bá mú máa fà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára lójú ọ̀nà ju ẹ̀bà tàbí iyán lọ. Ẹ fi àwọn yẹn dúró de Àjàṣẹ́.