Owó rèé lọ́wọ́ mi, kọ́ọ̀tù ò rójú gbà á

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń sọ kiri pé gbogbo nǹkan Amẹ́ríkà létòlétò ni? Kí onítọ̀hún lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì spíìdì lọ́wọ́ dẹ́pútì ṣẹ́rífù, ìyẹn ọlọ́pàá county, ní county (bí ìjọba ìbílẹ̀) oko kan ní Texas, kó wá gbìyànjú àtisan owó ẹ̀. Àtisan ni mo wí o! Mi ò ní kó lọ bá wọn ṣẹjọ́, mi ò ní kó lọ bẹ adájọ́. Kó ṣáà mú owó dání, kó ní òun fẹ́ san, kó wá wò ó bóyá wọ́n á gbà á.

Àwa tá a ń gbé Houston mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òde wà ní Dallas lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí ti wà ní búùtù, ó di ojú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ I-45 á gba ọ̀nà oko, ibẹ̀ ni ìwọ̀n spíìdì 75 á ti di 55, tá á tún di 45 kó o tó mí kanlẹ̀, dẹ́pútì á sì ti wà lẹ́yìn igi tó ń retí ẹ. Ó dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn spíìdì. Wọ́n ní mo sáré, mo ní kò burú, èló ni? "Èló ni" yẹn gan-an ni mi ò rẹ́ni dáhùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra ẹ̀ ná. Maṣíìnì kékeré kan tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá náà ló tẹ̀ ẹ́ jáde, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bíi rìsíìtì Walmart. Ẹ gbé irú bébà bẹ́ẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn Texas kẹ́ ẹ wò ó. Kí n tó délé, apá kan ti dúdú, apá kejì ti ṣí. Iye owó ò sí lórí ẹ̀, kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n kàn sí kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù wo? "JP Pct" ni wọ́n kọ, nọ́ńbà tó wà níwájú ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá 1 ni àbí 4.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, JP ni Justice of the Peace, adájọ́ kékeré tí àwọn ará ìlú ń dìbò yàn. Òfin Texas ò sọ pé ó di dandan kó jẹ́ lọ́yà. Òun ló ń so tọkọtaya pọ̀, òun ló ń dá ẹjọ́ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé, ní county tí kò bá sì ní dókítà tó ń yẹ òkú wò, òun náà ló máa lọ wo ẹni tó kú kó tó di pé wọ́n gbé e. Tí mo bá pè tí wọ́n ní adájọ́ ti jáde, mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó ló lọ so ni àbí òkú ló lọ wò. County 254 ló wà ní Texas, ọ̀kan nínú wọn wà tó ń jẹ́ Loving, èèyàn 64 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020, ìsọmọlórúkọ wa ní Alief ń gba èrò jù bẹ́ẹ̀ lọ! County kan lè ní precinct kan (òun ni Pct yẹn, àgbègbè tí JP kọ̀ọ̀kan ń bójú tó), ó lè ní tó 8, kálukú pẹ̀lú ọ́fíìsì tiẹ̀, fóònù tiẹ̀, àti ọ̀nà tó ń gbà gba owó. O pe Pct 1, wọ́n ní kó o pe Pct 4. O pe Pct 4, wọ́n ní ojú ọ̀nà tó o sọ yẹn, ti Pct 1 ni.

Mo wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní Google kì í ṣe ti ìjọba, àwọn aládàáni kan ni, tí wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Èyí tó tẹ̀ lé e, lọ́yà. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, lọ́yà. Nígbà tí mo máa fi rí ti county, fọ́tò ilé ẹjọ́ àtijọ́ ló gba gbogbo ojú ẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Pay Ticket sí ò sì ṣí lórí fóònù. Ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ló bá gbé mi lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tí orúkọ ẹ̀ ò jọ ti county rárá. Láti 2024 ni FBI ti ń kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èké nípa owó tóòlù gba nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ èèyàn, irú ibẹ̀ yẹn ni ìjọba fúnra ẹ̀ wá ní kí n lọ tẹ káàdì mi sí. Mo fara mọ́ ọn, mo tẹ orúkọ mi, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan: No record found.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo tẹ orúkọ mi lódindi, mo gé e sí méjì, mo fi orúkọ bàbá mi ṣáájú, mo fi kẹ́yìn, mo tiẹ̀ lo orúkọ oyìnbó tí wọ́n fi ṣàmì fún mi ní kékeré. Kò sí. Ìgbà tí mo gbé bébà yẹn sábẹ́ iná ni mo tó rí i pé dẹ́pútì gé orúkọ mi kù sí Oluwa, ó wá sọ orúkọ àárín di orúkọ bàbá. Láísẹ́ǹsì mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, ó ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́! Mo wá tẹ Oluwa bó ṣe kọ ọ́. No record found.

Fóònù ńkọ́? Kíláàkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láago méjìlá ó ti lọ jẹun, kò sẹ́ni tó máa gbé e títí di aago kan, ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n á tètè tì. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 ní ọsibítù, àsìkò oúnjẹ mi gan-an ni àsìkò oúnjẹ tiẹ̀. Ìyá yẹn ò burú o, mi ò bá a jà, sweetheart ló ń pè mí. Ó ní dẹ́pútì ò tíì kó ìwé wá, kí n fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní mà, ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì wà lórí ìwé yìí, tó bá kọjá ńkọ́? Ó ní sweetheart, rí i pé o pè wá kó tó kọjá.

Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà wà, ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ni ò tíì jẹun tán.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù rèé. Dẹ́pútì lè fi ìwé yẹn sínú mọ́tò ẹ̀ títí tó fi máa wù ú, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ bá fi kọjá lórí tèmi, wọ́n lè kọ ẹ̀sùn tuntun pé n ò yọjú, wọ́n lè yọ wárántì, wọ́n lè fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí DPS, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, tí n ò ní lè tún láísẹ́ǹsì gbà, àfi kí n tún fi 10 dọ́là lé e kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀. Defensive driving, ìyẹn kíláàsì ìwakọ̀ tó yẹ kó pa tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́, kí ìńṣọ́ránsì mi má bàa fò sókè, ọjọ́ yẹn náà ni gbèdéke ẹ̀. Òfin ní kí n béèrè kí ọjọ́ tó kọjá. Kí n béèrè lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù tó ní òun ò mọ̀ mí rí! Ṣé ẹ rí ìwà ìkà?

Owó ọ̀hún wá ńkọ́. Fáìnì spíìdì, òfin ní kò gbọdọ̀ ju 200 dọ́là lọ, yàtọ̀ sí àwọn ibi bí ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹ má tíì yọ̀. Owó míì tún wà lórí fáìnì yẹn: 62 dọ́là lọ sápò ìpínlẹ̀, 14 ti county, 50 míì ń jẹ́ state traffic fine, o ti ná ju 120 lọ kí adájọ́ tó lanu. Tó o bá fi káàdì san, àwọn ará orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn á tún bu tiwọn, convenience fee ni wọ́n ń pè é. Convenience ta ni, jọ̀ọ́? Tó o bá sì ní defensive driving lo fẹ́, owó kọ́ọ̀tù ṣì wà ńbẹ̀ digbí, owó kíláàsì wà, 10 dọ́là tún wà fún ìwé Type 3A, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ ẹni, lọ́dọ̀ DPS.

Nígbà tó yá mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Kíláàkì wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sọ iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́ (tó ṣeé ṣe o!), mo ra mọ́nì ọ́dà torí wọn ò gba ṣẹ́ẹ̀kì, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé no contest, ìyẹn ni pé mi ò bá wọn jiyàn ẹ̀sùn, pé defensive driving ni mo fẹ́, mo kọ orúkọ mi bó ṣe jẹ́, mo tún kọ Oluwa tiwọn sábẹ́ ẹ̀, mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, mo fi certified mail ránṣẹ́, èyí tó ní káàdì aláwọ̀ ewé tí wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de fóònù ẹnikẹ́ni. Káàdì ewé padà wá, ẹnì kan ti buwọ́ lù ú gàdàgbà. Mọ́nì ọ́dà, wọ́n ti lọ gbowó ẹ̀. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì? No record found! Mo pè wọ́n, sweetheart ní lẹ́tà mi wà lórí tábìlì adájọ́, wọn ò tíì rójú tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí n pe àwọn ní Mọ́ńdè. Mo pè ní Mọ́ńdè. Maṣíìnì ló dá mi lóhùn, ó ní ọlidé ni, kọ́ọ̀tù ò ṣí.