Ta ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá?

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ń ká mi lára gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, ẹnìkan láàárín wa mú ìwé kan wá lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ lápá òsì, ìbuwọ́lù lápá ọ̀tún. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwa mọ́kàndínlógún la buwọ́ lù ú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lẹ́tà ti tẹ ẹni tó mú ìwé náà wá lọ́wọ́ pé ilé iṣẹ́ kò nílò ipò rẹ̀ mọ́. Wọn ò dárúkọ ẹgbẹ́ níbẹ̀ rárá. Oṣù méjì ò pé, ẹlòmíì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn kan náà.

Òfin ò sì dákẹ́ o. Àdéhùn 87 tí àjọ ILO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1948 sọ pé òṣìṣẹ́ lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó sì wọ èyí tó bá wù ú, láì kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kejì, Àdéhùn 98 ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé èèyàn nítorí ẹgbẹ́. Kódà, ó lòdì sí kí ọ̀gá máa náwó lé ẹgbẹ́ lórí kó lè máa darí rẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ọ̀gá wo ló máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "torí ẹgbẹ́ tó o dá la ṣe lé ẹ"? Wọ́n á ní ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á ní kò sówó. Fáìlì wà lọ́wọ́ wọn, lẹ́tà tí àwọn ọ̀gá ń kọ síra wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ti gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n wá ní kó lọ wá ẹ̀rí. Níbo ni kó ti rí i?

Lójú tèmi, tí òṣìṣẹ́ bá ti fi hàn pé òun ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì lé e láìpẹ́ sígbà náà, ilé iṣẹ́ ló yẹ kó wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé nǹkan mìíràn ló fà á. Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ èrò yìí: Àdéhùn 158 ti 1982 ní kí wọ́n má di ẹrù ẹ̀rí lé òṣìṣẹ́ nìkan lórí. Àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ́wọ́ gba ìyẹn kò pọ̀.

Kí wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kíákíá. Àwọn kan ní owó gbà-má-bínú ti tó. Mi ò gbà. Ilé iṣẹ́ ńlá á sanwó yẹn láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n jókòó bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà lọ. Àwa tó ṣẹ́kù ò rí owó náà. Ohun tá a rí ni pé a ò rí ẹni tí wọ́n lé yẹn mọ́ láàárín wa. Ìwé tá a buwọ́ lù wà nínú dúrọ́ọ̀ mi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹnìkankan nínú wa kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.