Kí Wọ́n Tó Ti Ilẹ̀kùn Olúṣosùn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ọmọlanke rẹ̀ wọ òpópónà kan ní Kétu, ní Èkó, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ó fi í tú àpò ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu géètì, ó ṣa ìgò rọ́bà mẹ́rin, agolo mílíìkì méjì àti páálí kan, ó sì tún ẹnu àpò náà so kí ajá má baà tú u ká. Ó yí ìdérí ìgò kọ̀ọ̀kan kúrò, ó jù ú sínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀, nítorí pé rọ́bà ìdérí kì í ṣe irú rọ́bà ìgò, owó wọn kò sì dọ́gba lórí òṣùwọ̀n. Èyí tó mọ́ gaara lọ́tọ̀, èyí tó ní àwọ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún ọmọ yìí. Ìjọba ti fòfin de irú rẹ̀; bí agbófinró bá sì bá a lójú títì, ọmọlanke náà lè di ti ìjọba kí oòrùn tó yọ.

Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe ni àwọn aláṣẹ wa ń pè ní iṣẹ́ àyíká, iṣẹ́ tó ń tún àyíká ṣe, nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ kóòtù tí wọ́n sì dúró níwájú kámẹ́rà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbọ́ ọ nílẹ̀ Yorùbá: iṣẹ́ tuntun ń bọ̀ láti inú ìdọ̀tí, láti inú sólà, láti inú igbó tí a máa tún gbìn. A kò bá wọn jiyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ àyíká tó pọ̀ jù lọ ní ẹkùn yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn tó ń ṣe é ni ìjọba ń lé kiri. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ kò lè jẹ́ iṣẹ́ àyíká àfi tó bá tún jẹ́ iṣẹ́ tó níyì fún ẹni tó ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń kùnà, ibẹ̀ náà ni a ó sì tún ti kùnà bí ìjọba Èkó bá ti ààtàn Olúṣosùn pa láìka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sí.

Ẹ wo Èkó. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 13,000 ìdọ̀tí ni LAWMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdọ̀tí ní Èkó, sọ pé ó ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ PSP, ìyẹn ọkọ̀ àwọn aládàáni tó ń kó ìdọ̀tí, kò lè kó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Múṣin tàbí Àjégúnlẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òpópónà wà tí ọkọ̀ náà kò lè wọ̀. Ọlọ́mọlanke ló ń wọ ibẹ̀. Ohun tó bá ṣà kì í dúró sí Èkó. Ìgò rọ́bà ń lọ sílé-iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́, irin àlòkù ń gba Ìkòròdú lọ sí Ògíjo àti Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ di irin ìkọ́lé. Irin tó wà nínú òpó ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ lè jẹ́ èyí tí ọmọlanke gbé. Ọrọ̀ ajé gidi ni, ó kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwé kankan tí a kọ orúkọ àwọn tó gbé e ró sí.

Ìbàdàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa tí ìdọ̀tí àti ilé ti fún lọ́rùn kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ. Gbogbo ìgò tí ẹnìkan bá ṣà kí òjò tó dé, ìgò tí kò ní dí ojú gọ́tà ni.

Ọ̀rọ̀ tó mú wa kọ èyí ni ọ̀rọ̀ Olúṣosùn. Ààtàn ńlá tó wà ní Ọ̀jọ́tà yìí fẹ̀ tó nǹkan bí ééka 100. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ̀ ti ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, àdúgbò sì ti kọ́lé yí i ká. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín bo ojú títì, ìjọba sì ní láti tì í pa fúngbà díẹ̀. Ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun yóò ti Olúṣosùn àti Solous ní Ìgàndò pa, pé wọ́n ti bá ilé-iṣẹ́ Jospong láti Gánà wọ àdéhùn láti máa sọ ìdọ̀tí di ohun tó wúlò. A fara mọ́ títì náà. Ààtàn kò yẹ kó wà láàárín ìgboro, ẹni tó bá ti mí èéfín rẹ̀ rí kò ní jiyàn.

Ṣùgbọ́n orí ààtàn yìí ni àìmọye ènìyàn ti ń jẹun. Àwọn kan ń ṣa irin, àwọn ìyá ń fọ ọ̀rá píọ́wọ́tà wọ́n ń sá a, àwọn mìíràn ń ta oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣà. Nínú gbogbo ohun tí a ti gbọ́ nípa títì yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ, owó tí wọn yóò ná ni wọ́n ń sọ. A fẹ́ mọ ibi tí ìyá tó ń fọ ọ̀rá yóò wà lọ́jọ́ tí kátapílà bá dé.

Ìjọba ní tirẹ̀ sọ pé ọlọ́mọlanke ń da ìdọ̀tí sójú títì àti sínú gọ́tà lóru, ìdí nìyẹn tó fi kéde léraléra pé òun fòfin dè wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀, a kò ní bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ onílé, wọ́n á dé abẹ́ bíríìjì wọ́n á dojú kẹ̀kẹ́ dé. Àwọn kan ń jó wáyà kí wọ́n lè rí kọ́pà inú rẹ̀, èéfín náà sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni òfin gbà á láyè pé kí ọlọ́mọlanke dà á sí? Ibùdó tí LAWMA ti ń kó ìdọ̀tí jọ wà ní Símpsìn, ó wà ní Ọ̀ṣòdì, ó wà ní Agége. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá fòfin de ẹni tó ń gbé ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà kò ní gbé ara rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, a ti rí i lójú ayé. Ní Pune lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SWaCH. Ní ọdún 2008, ìjọba ìlú bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, onílé ń san owó oṣù kékeré fún wọn tààrà, ohun tí wọ́n bá sì rí nínú ìdọ̀tí tó ṣeé tà, tiwọn ni. Ní Bràsíl, ìjọba ti kọ iṣẹ́ ìdọ̀tí ṣíṣà sínú ìwé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 2002. Nígbà tí wọ́n sì ti ààtàn Jardim Gramacho pa nítòsí ìlú Rio ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gba nǹkan bí 14,000 owó reais lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Owó náà kò yanjú gbogbo ìṣòro wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ráhùn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìjọba kà wọ́n ní ènìyàn kó tó ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó kò le. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Olúṣosùn àti Solous sílẹ̀ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n sì bá ẹgbẹ́ wọn ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣa àlòkù àti ìdọ̀tí ní Èkó wà, ASWOL ni wọ́n ń pè é, a kò ní láti wá wọn lọ sọ́nà jíjìn. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá gba iṣẹ́ náà gba àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ kó tó gba ẹlòmíràn, kí èyí sì wà nínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ẹnu lásán. Kí wọ́n ya ibi kan sọ́tọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọlọ́mọlanke ti lè da ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ láìsanwó rìbá. Káàdì ìdánimọ̀, ìbọ̀wọ́, bàtà tí ìgò kò lè gún, àti orúkọ wọn nínú Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ lójú márosẹ̀ náà yẹ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti pa tó nínú wọn.

Owó rẹ̀ wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò rọ́bà ni òfin Nàìjíríà sọ pé kó máa ná owó sórí kíkó o padà. Èkó ti fòfin de ike fóòmù ìkóúnjẹ láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ó fi òfin mìíràn lé e lórí ọ̀rá àti ike àlòdànù ní oṣù Keje ọdún 2025. Kí díẹ̀ nínú owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé dé ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ba láti he ìgò náà.

Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ní Ògíjo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, àwọn ará àdúgbò ti ń pariwo èéfín fún ọdún pípẹ́, àyẹ̀wò sì ti fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn. Àlòkù tí a tún lò ni o, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ iṣẹ́ àyíká pè é níwájú wa títí èéfín yẹn yóò fi dáwọ́ dúró.

Nígbà tí kọmíṣánnà bá tún gbé ìṣúná ọ̀rọ̀ àyíká wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, kí àwọn aṣòfin béèrè ìwé orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí nínú fáìlì, kí wọ́n dá fáìlì náà padà fún un.