Àtúnṣe: Títì tó fẹ̀ sí i kọ́ ni òpin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ní tí wọ́n bá ti fi ìlà méjì kún títì márosẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tán, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìlà kan ò gbà ju nǹkan bí 2,000 mọ́tò lọ ní wákàtí kan, awakọ̀ nìkan ló sì ń dá wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Bọ́ọ̀sì elérò 60 tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti gbé èèyàn 3,600 ní wákàtí kan náà. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n parí fífẹ títì márosẹ̀ Katy Freeway lójú ní 2008, ó tó ìlà 26 níbi tó ti fẹ̀ jù. Nígbà tó fi di 2014, ìrìn ìrọ̀lẹ́ ti tún ń pẹ́ sí i. Lára ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń sá fún ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀ padà dé. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé èrò jù, àmọ́ èyí tí ò ní ìlà tirẹ̀ á kàn há sáàárín mọ́tò yòókù ni.