Ọmọ Ìránì Tó Ń Pe Ara Rẹ̀ Ní Ará Páṣíà: Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Kí Ọba Gé

Ìkéde tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 9. Ó ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ orílẹ̀-èdè 12, Ìránì sì wà lára wọn. Ó tún fún ọ̀nà pa mọ́ méje mìíràn, títí kan Tógò níbi tí àwọn ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire wà. Nígbà tí irú àṣẹ yìí kọ́kọ́ jáde ní 2017, ìwé ìròyìn yìí sọ pé ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. A tún un sọ ní 2018 nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. A ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lónìí, nítorí pé ìyà àjẹpọ̀ yìí ti wọ ènìyàn lára débi pé ó ń yí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn padà.

Bí ẹ bá béèrè ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìránì tó ń gbé ní Los Angeles ti wá, "ará Páṣíà ni mí" ni wọn yóò fi dáhùn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sẹ́ orírun wọn. A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Láti ara Pars, ẹkùn kan ní gúúsù ilẹ̀ náà, ni àwọn Gíríìkì ti yọ orúkọ Páṣíà, òun sì ni àwọn ará ìta fi ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè náà títí di 1935, nígbà tí ọba wọn, Reza Shah, ní kí àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè máa pè é ní Ìránì, bí àwọn onílé ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa tí a ka Bíbélì mọ Kírúsì ọba Páṣíà tó dá àwọn Júù sílẹ̀ kúrò nígbèkùn, a sì mọ Ẹ́sítà láàfin Ṣúṣánì, kí a tó gbọ́ orúkọ Ìránì lórí rédíò. Ẹni tó gbọ́ Páṣíà á rántí kápẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye àti ewì Hafez àti Saadi. Ẹni tó gbọ́ Ìránì, ọjọ́ 444 tí wọ́n fi há àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́ ló ń rántí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Kọkànlá 1979 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, olú ìlú Ìránì, ènìyàn 52 kò sì rí ìtúsílẹ̀ títí di oṣù Kìíní 1981. Ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kò tó àwọn tó ṣe é, ló bá pàṣẹ lóṣù Kọkànlá 1979 yẹn kan náà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìránì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ fara hàn níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ní oṣù Kìíní 2020, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà pa Soleimani, ọ̀gágun Ìránì, àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà dá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Ìránì lára dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní ẹnubodè Blaine, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà sì wà nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin aláṣẹ, kí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sá fún àwọn alákòóso Tehran ṣe fún yín? Ẹni tí ọ̀tá yín lé kúrò nílé ni ẹ̀ ń nà! Ọdún mélòó ni a ó fi máa sọ eléyìí?

Orúkọ tí wọ́n sá sí kò tilẹ̀ gbà wọ́n, nítorí Tehran tàbí Shiraz tí wọ́n bí wọn sí ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ìkéde ti 2025 náà fúnra rẹ̀ sì yọ̀ǹda físà ìgbélùú fún àwọn ẹ̀yà àti ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ níye tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ní Ìránì. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ dájú, nígbà náà, pé ọ̀tọ̀ ni aráàlú, ọ̀tọ̀ ni ìjọba, síbẹ̀ wọ́n so àwọn yòókù pọ̀ mọ́ ìjọba náà.

Àánú kò ní kí a má sọ òótọ́ fún àwọn tó ń lo Páṣíà. Orúkọ náà kò gba gbogbo ọmọ ilé. Àwọn Azeri, àwọn Kurd, àwọn Baluch àti àwọn Lárúbáwá wà ní Ìránì tí wọn kì í ṣe ará Páṣíà. Ọmọ Kurd ni Mahsa Amini, tó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2022 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìmúra mú un, láti inú èdè Kurd sì ni igbe "Obìnrin, Ìyè, Òmìnira" ti wá, èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbé jáde sígboro. Bí Páṣíà bá di orúkọ gbogbogbò, níbo ni a ó fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí? Ẹni tó ń jẹ́ Páṣíà nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀, kí ó máa jẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ nítorí ìbẹ̀rù, àwọn tó dẹ́rù bà á ni kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, àwọn aláṣẹ Tehran tó ba orúkọ ilé jẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ yọ ara wọn sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fúnni ní físà ń gba owó oṣù láti yẹ ènìyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2021, lọ́jọ́ tí Joe Biden gorí àléfà gan-an, ló fọwọ́ sí ìwé tó wọ́gi lé àṣẹ ti 2017. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń béèrè báyìí.